Ògiri Ni Mo Kọ, Ògìrì Ni Ìyá Mi Kà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ṣe pàtàkì, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè á kúkú mọ ohun tí à ń wí, ẹ ní kó wá bá mi ní Clondalkin, ní ìlú Dublin. Màá fún un ní ìjókòó, màá bu oúnjẹ fún un, lẹ́yìn náà ni màá wá ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí àmì tí mo fò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà bá mi dé Mẹ́síkò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti ìyá mi jẹ́.

Kí n tó dé Dublin, olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá mi ní tiwọn, ògìrì ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti fọwọ́ bomú bí wọ́n ṣe ka ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ẹni tó bá ti fi ògìrì ìyá mi se ọbẹ̀ rí kò ní jẹ́ kí ẹ bú u lójú òun. Bàrà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fi ewé dì í, wọ́n á gbé e pamọ́ síbi tó móoru títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan, lẹ́yìn náà wọ́n á kúnlẹ̀ ti ọlọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí ìpara. Wọn kì í gbé e lọ síbì kankan. Inú ilé wa ni àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti ń wá bá wọn, àwọn mìíràn láti Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn mìíràn láti Ṣàgámù. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìyá wọn náà sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá tiwọn.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Ràṣídì, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Àbúrò mi obìnrin ní òórùn náà kì í kúrò lára ìbòrí òun. Èmi ní tèmi, ṣọ́ọ̀kì ni mo gbá mú. Ìyá mi máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a mọ̀ ọ́n jẹ, a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Yẹ̀yẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ bí orúnkún ṣe ń dùn wọ́n sí i lọ́dọọdún, ẹ̀rín inú yẹ̀yẹ́ náà ń dín kù.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìrìn àjò dá yín dúró. Mo ṣáà dé.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa, obìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, ní kí n lọ mú aṣọ ìnura wá nínú press. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ló ń wí. Mo wọ yàrá ìfọṣọ, mo wá áyọ́ọ̀nù títí, mo dúró ti ẹ̀rọ ńlá kan, mò ń wò ó, ó ń wò mí. Àṣé kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, tí mo bẹ ọ̀gá pé kó má bínú, ó ní, "You're grand." Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Mo pe ìyá mi nírọ̀lẹ́, mo ní wọ́n ti mọ iyì mi níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹni ńlá ni mí. Ìyá mi ṣe àdúà gígùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá da tíì sílẹ̀ náà nìyẹn, pé kò séwu.

Ẹni àkọ́kọ́ tó di ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀ ni bàbá kan tó ń jẹ́ Seán. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sára ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì sórí "a", bàbá náà ò sì yéé ráhùn nípa rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ní èdè ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland, àmì yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ náà di orúkọ. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù túmọ̀ sí "arúgbó".

"Wọ́n kọ Arúgbó sára ìlẹ̀kùn arúgbó," ó wí. "Ṣé wọ́n rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo mú bírò, mo fa àmì náà sí i. Mo sọ fún un pé àwa náà ní irú rẹ̀ nílé, pé nígbà tí mò ń ṣe olùkọ́, bí ọmọ kan bá kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán láìfi àmì sí i, mi ò ní gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà wò mí bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gba ìsinmi, á máa béèrè mi lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ẹni tó ń fa àmì sí ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni mí.

*

Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti jìnnà sílé kì í ṣe òtútù. Ògiri ni. Nílé wa, ògiri máa ń sọ̀rọ̀. Èyí á ní "Ilé yìí kì í ṣe títà", èyí á ní "Má tọ̀ síbí", ti onígbàjámọ̀ á ya orí ọkùnrin mẹ́fà pẹ̀lú irun oríṣiríṣi kí o lè fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó wù ọ́. Ní àdúgbò tí mo dé ní Clondalkin, ilé jọ ilé, ògiri sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ ìlẹ̀kùn aládùúgbò lọ́jọ́ kan, mò ń yí i, mò ń bú u, títí obìnrin kan tó wọ pàjámà fi ṣí i fún mi láti inú. Ó ní èmi kọ́ ni àkọ́kọ́, ó sì ní kí n wọlé wá mu tíì kí n tó máa lọ sí tèmi.

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó le jù. Mo máa ń gbé fóònù ti páálí mílíìkì lórí tábìlì, ìyá mi á wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ti ṣínu tiwọn ṣáájú mi, wọn kò sì ní dìde. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa sọ ẹni tó ṣègbéyàwó àti ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, títí àsìkò tèmi á fi tó. Bí mo bá ti fi dàbínù sẹ́nu báyìí, wọ́n á ní, "Ó yá, jẹun," wọ́n á sì pa fóònù. Mo máa ń sunkún díẹ̀, màá sì jẹun púpọ̀.

Nínú ilé tí mò ń gbé, àwa mẹ́rin la jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ẹnì kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Lupe, ọmọ Mẹ́síkò, tó ń kọ́ èdè òyìnbó tó sì ń ṣiṣẹ́ nílé kọfí. Kí mi, kí n kí ọ ni èmi àti òun kọ́kọ́ jẹ́ síra wa. Ògìrì ló so wá pọ̀. Ìyá mi fi díẹ̀ rán ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé, mo sì tú u lọ́jọ́ Sátidé kan kí n fi se ọbẹ̀. Kí n tó ro ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yòókù ti ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹnì kan pe onílé. Onílé dé, ó kúnlẹ̀ nídìí síǹkì, ó gbóòórùn ihò rẹ̀, ó ní gọ́tà ti bàjẹ́, ó da oògùn sínú rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Mi ò purọ́ fún un, mi ò sì sọ̀rọ̀. Mo ń ro ọbẹ̀ mi.

Lupe nìkan ló wá gbé imú sórí ìkòkò náà gan-an, tó ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Ó jẹ ẹ́, ó lá àwo. Ó ní ìyá àgbà òun máa ń se olú kan tó ń hù lára àgbàdo, tó dúdú bí ohun tó ti bàjẹ́, àwọn àlejò á máa sá fún un, òun á sì máa jẹ tiwọn mọ́ tòun. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní kí n fún un ní fóònù kí àwọn súre fún un. Wọ́n ní kí lorúkọ rẹ̀. Mo ní Lupe. Wọ́n ní, "Dúpẹ́? Ọmọ ibo ni Dúpẹ́?" Láti ọjọ́ náà, Dúpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò tí à ń sọ ló jẹ́ kí n rántí obìnrin inú ìwé mi. Nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé, àwòrán kan wà tí wọ́n ní ó wà lára ògiri kan ní Mẹ́síkò. Ìwé náà kì í ṣe ìwé gan-an, fọ́tókọ́pì tí wọ́n ṣe lára fọ́tókọ́pì ni. Ohun tí a lè rí níbẹ̀ kò ju obìnrin kan lọ, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìyókù dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọ á bi mí pé kí ló ń ṣe, màá ní ó ń gbàdúrà, a óò sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Èmi àti Lupe wá obìnrin náà lórí fóònù títí, a rí ògiri lóríṣiríṣi, a ò rí i. Lupe ní kò burú, pé ògiri ibẹ̀ kì í wọ inú fóònù, ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn èèyàn òun, kí n jẹ́ ká jọ lọ.

Mo ti lọ sílé lọ́dún tó ṣáájú, mo sì ní ìsinmi lọ́wọ́. Inú Luas, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa lọ sáàárín ìlú, ni mo jókòó sí tí mo fi kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹbí wa, pẹ̀lú àtàńpàkò kan, láìsí àmì kankan:

"E ku ise o. Emi ati Lupe fe lo si Mexico, mo fe lo wo ogiri won ki n si ko itan re. E fi adura ran mi lowo."

Bùọ̀dá Ràṣídì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó bi mí pé ogiri kẹ̀, ní Mẹ́síkò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tiwọn lókìkí káàkiri ayé. Àbúrò mi ní ṣé màá mú díẹ̀ bọ̀. Mo rò pé fọ́tò ló ń wí, mo ní màá mú púpọ̀ bọ̀. Nígbà náà ni ohùn ìyá mi wọlé. Mo gbé e sétí. 

"Alihamudulilahi," wọ́n ní. "Mo ti rò pé ìkòkò mi á dojúdé lọ́jọ́ tí mi ò bá lè kúnlẹ̀ mọ́. Àṣé ìwọ lo máa gbà á lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí o kọ́ tiwọn, kí o wá fi kún tiwa."

Mo tún ohun tí mo kọ kà. Mo kà á ní ògiri. Mo wá kà á bí ọmọ ológìrì ṣe máa kà á. Ọkọ̀ kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀ sí, mi ò mọ̀.

*

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ kejì láti tún un ṣe. Wọ́n ti sọ fún àwọn ará ilé, wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń wá ra ògìrì, Álífà àdúgbò ti ṣàdúà sí i. Mo tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fún mi. Kí n wo irú ewé tí wọ́n fi ń dì í. Kí n béèrè bóyá ẹ̀gúsí ni wọ́n fi ń ṣe é tàbí bàrà. Kí n má yínmú lójú wọn o, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò nílé. Wọ́n ń yọ̀ bí ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn wọn bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní agbára àtifi ọwọ́ ara mi paná rẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màámi."

Bàbá Seán ni mo sọ ọ́ fún níbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi fún un lómi. Ó ní, "Ìwọ tó tún ìlẹ̀kùn mi ṣe." 

Bí a ṣe dé ìlú Mẹ́síkò, ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oòrùn ń ràn bí oòrùn, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì. Ògiri ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju tiwa lọ. Lupe mú mi wọ ilé ìjọba kan, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan, ilé ìwòsàn kan, mo sì ń gbé orí sókè títí ọrùn fi ń ro mí. Àwọ̀ pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ilé wa wà níbẹ̀, àwọ̀ aró wà níbẹ̀. Mo ti fi àwòrán dúdú kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mi ò mọ̀ pé àwọ̀ pọ̀ tó báyẹn láyé. Mo dúró sáàárín àgbàlá kan, mo sì kàn ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, Lupe ń túmọ̀ ibi tó bá ta kókó. Ó ní kí òyìnbó Sípéènì tó dé rárá ni àwọn baba ńlá wọn ti ń kun ògiri. Nígbà tó di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n jà jà láàárín ara wọn tí ogun wá rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀wé kà. Ìjọba wá kó ògiri lé àwọn ayàwòrán lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ ìtàn ìlú síbi tí ẹni tí kò mọ ABD náà ti lè kà á. Kì í ṣe ọba àti ọ̀gágun nìkan ni wọ́n yà. Wọ́n ya àwọn tó ń kórè, àwọn tó ń wa kùsà, àwọn tó ń hun aṣọ, wọ́n sì yà wọ́n tóbi ju ènìyàn lọ. Inú bí àwọn kan, wọ́n fi ẹfun pa òmíràn rẹ́ nínú àwòrán náà.

Ó tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi ẹfun àti iyanrìn rẹ́ ìwọ̀nba ibi tí ọwọ́ lè ká lóòjọ́, wọ́n á sì yà á nígbà tí ara ògiri ṣì tutù, kí ògiri lè mu àwọ̀ náà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń po omi ọrọ́ kan mọ́ ọn, tó ń yọ̀ bí ilá, kó lè dì mú. Mo béèrè pé bí èèyàn bá ṣe àṣìṣe ńkọ́. Ó ní kó yára tún un ṣe nígbà tó ṣì tutù. Bó bá ti gbẹ, àfi kí wọ́n gbẹ́ ẹ kúrò.  Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi ti ń gbẹ lọ.

Lára àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni mo ti rí obìnrin mi. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Ó tóbi tó ilé tí mò ń gbé ní Clondalkin. Ibi tó dúdú nínú fọ́tókọ́pì wa, ọlọ ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọlọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, àgbàdo wà lábẹ́ rẹ̀, òógùn wà ní ọrùn rẹ̀. Kò gbàdúrà rárá. Ó ń lọ nǹkan. Mo ti gbé ìyá mi dání wọ kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò dá wọn mọ̀. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì pe ìyá mi kí ó tó gbẹ.

"Ṣé o ti rí i?" wọ́n ní.

Mo yí ojú fóònù sí ògiri. Wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní ọlọ nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ obìnrin náà kọ́ ọ dáadáa, àmọ́ èjìká rẹ̀ ti ga jù, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Wọ́n wá ní, ògìrì wọn dà?

"Màámi, ẹ má bínú," mo ní. "Kò sí ògìrì níbí. Ògiri ni mo kọ, ara ilé, tí wọ́n ya àwòrán sí. Èmi ni mi ò fi àmì sí i."

Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn wọn. 

"Dò re re," wọ́n ní nígbà tó pẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kì í ṣe dò dò dò."

"Rárá, Màámi."

Mo rí i lójú wọn pé ó dùn wọ́n. Wọ́n ní jẹ́ẹ́ pé àwọn ti sọ fún gbogbo ilé. Ó dun èmi náà, mi ò sì mọ ibi tí màá gbé ojú sí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí èjìká wọn ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìbòrí fi já bọ́ lórí wọn, wọ́n ń wí pé, "Álífà ṣàdúà sí ògiri," wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lupe tí kò gbọ́ Yorùbá ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rọlẹ̀, wọ́n ní kí n tún fi obìnrin náà han àwọn.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo bi obìnrin tó ń mú wa káàkiri. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Orúkọ ayàwòrán ló wà lára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi.

"Ẹni tó yà á lórúkọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò ní?" Wọ́n mi orí. "Bí o bá fẹ́ ya tèmi, kọ orúkọ mi sí i. Kí o sì fi àmì sí i."

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ ya nǹkan kan. Àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí, ó ti di dandan.

*

Ògiri kan wà nínú ọgbà ilé ìtọ́jú wa, tí àwọn arúgbó ń wò láti ojú fèrèsé. Ọ̀rinrin ti sọ ọ́ di ewéko. Mo bi ọ̀gá wa pé ṣé mo lè ya nǹkan sí i. Ó ní, "Work away." Ọkàn mi já. Mo rò pé ó ń lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo ti ń palẹ̀ báàgì mọ́ kí Bàbá Seán tó sọ fún mi pé ó ní kí n máa bá a lọ ni.

Mo ya ìyá mi sórí pépà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ẹni tó ya èyí kò ṣe ògìrì rí. Wọ́n ní ọrùn ọwọ́ kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàrà bá ti ń kúnná, pé ìka ẹsẹ̀ ni à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í ṣe orúnkún, pé ewé ò sí níbi tó yẹ kó wà. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní kò ṣeé ṣàlàyé, kí n lọ ra bàrà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ògìrì ní Clondalkin nìyẹn. Ẹ̀gúsí ni mo rí rà, wọ́n ní kò burú. Lupe gbé fóònù dání, ìyá mi ń pàṣẹ láti inú rẹ̀. Mo sè é, mo dì í, mo gbé e sínú press tí páìpù omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tó tó àkókò láti mọ̀ bóyá ó ti ṣe, ìyá mi kò lè gbóòórùn rẹ̀ lórí fóònù, wọn kò sì gba ẹ̀rí tèmi gbọ́. Dúpẹ́ ni wọ́n ní kí n bi.

Lupe ṣí ewé, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ó ń rùn bí ẹsẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tó wẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ tí kò wẹ̀?" ìyá mi béèrè.

Lupe ronú dáadáa. Ó ní tí kò wẹ̀.

"Ó ti ń bọ̀," wọ́n ní. Mo gbọ́ inú dídùn nínú ohùn wọn, irú èyí tí mo ti rò pé mo ti paná rẹ̀ ní Mẹ́síkò.

Onílé dé lọ́jọ́ kejì nítorí gọ́tà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ òótọ́ fún un, mo sì bu ọbẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "That's some yoke," bí ẹni ń wí pé nǹkan kan nìyí. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó yìn ín tàbí ó bú u, àmọ́ ó parí rẹ̀.

Mo wá mọ bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń tẹ̀, torí tèmi ti dùn mí. Mo fọ ògiri náà, mo dúró de ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹni tó bá mọ Dublin mọ̀ pé sùúrù ni mò ń wí. Lupe bá mi po ọ̀dà. Bàbá Seán jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe alábòójútó, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé òun ló gba mí síṣẹ́. Mo ya ìyá mi, wọ́n kúnlẹ̀ ti ọlọ, wọ́n ga ju fèrèsé lọ, ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òógùn wà lọ́rùn wọn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀, ilé á máa kéré sí i lójú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ìyá mi ló ń wò mí láti òkè. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Rábíátù Àdùkẹ́, ológìrì.

Mo pè wọ́n. Mo rọra gbé fóònù lọ láti orí dé ẹsẹ̀ àwòrán náà. Mo dé ibi orúkọ. Wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka àwọn àmì náà lábẹ́lẹ̀, dò dò mí, bí ọmọ iléèwé. Wọ́n ní ó pé.

Bàbá Seán náà ti ń wo àwọn àmì náà. Ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó ní òjò ilẹ̀ yìí kì í fi nǹkan sílẹ̀ fún èèyàn, pé bó bá fọ àwọn àmì yẹn lọ ńkọ́, kí ni wọ́n á máa kà? Mo ronú sí i. Mo ní ẹlòmíràn lè kà á ní ológiri, ìyẹn ẹni tó ni ògiri.

Ìyá mi ní kí ni bàbá òyìnbó yẹn ń wí. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n tún wo ara wọn, bí wọ́n ṣe ga tó lára ògiri ní Dublin.

"Sọ fún un pé kí òjò máa rọ̀," wọ́n ní. "Èwo ni irọ́ nínú méjèèjì?"